Iyọ̀ Kì Í Rí Iná Lẹ́ẹ̀mejì

"Ìbéèrè keje," ni Ìyá Ìbéèrè wí, ẹ̀rọ gàgàrà tó dúró níwájú gbọ̀ngán ìtọ́jú Ìgbórókè, tí ohùn rẹ̀ máa ń dà bíi ti ẹni tó kọ́ Yorùbá lókè òkun. "Aláboyún tí kò rí ayodíìnì tó nínú oúnjẹ rẹ̀, kí ló lè ṣe ọmọ inú rẹ̀?"

Abọ́sẹ̀dé kò jẹ́ kí ẹ̀rọ náà panu dé tán. Ó ní oyún lè wálẹ̀. Ó ní bí kò bá wálẹ̀, ọmọ lè yadi, etí rẹ̀ lè di, ó lè kúrú, ọpọlọ rẹ̀ sì lè má jí pépé bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní ìyá fúnra rẹ̀ lè yọ gẹ̀gẹ̀. Geere ló ń kà á, kò kọsẹ̀ níbì kankan, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe kó lè bo ọ̀fun rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ fọn fèrè kékeré kan. Méje nínú méje. Àwọn aláboyún tó kù lórí ẹní pàtẹ́wọ́ fún Olùkọ́ Iyọ̀ wọn, torí òfin ni kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó kan Orímisàn, ìyàwó àbúrò ọkọ Abọ́sẹ̀dé. Orímisàn dìde, ó fi ọwọ́ kan gbé ikùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ bi í pé kí ni wọ́n ń pè ní ayodíìnì. Ó ní òun rò pé orúkọ nọ́ọ̀sì tó wá lọ́dún tó kọjá ni. Gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in. Méjì nínú méje ló gbà, oríire lásán sì ni ọ̀kan nínú méjèèjì.

"Ẹ ṣí ọrùn," ni ẹ̀rọ náà wí.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ohun tó wà lórí, ẹnu ló ń sọ ọ́. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ni òfin so mọ́ ọ̀fun gbogbo aláboyún láti ìgbà tí oyún bá ti pé oṣù méjì, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ì bá yọ sí gẹ́lẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè bọ́ ọ títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú. Bí ayodíìnì bá tó lára, ìlẹ̀kẹ̀ á tàn bí aró. Bí kò bá tó, á pọ́n bí èso ìyeyè. Bó bá wá di pupa fòò, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i, ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń pè ní Àwòdì yóò fi balẹ̀ síwájú ilé onítọ̀hún.

Àwọn obìnrin tú ìborùn. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Ìyeyè, ìyeyè, ìyeyè, ó lọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn dé iwájú. Ó dé ọrùn Abọ́sẹ̀dé, ìyeyè. Ó dé ọrùn Orímisàn tí kò mọ ayodíìnì yàtọ̀ sí nọ́ọ̀sì, aró! Ó ń tàn lọ́rùn ọmọ náà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú ìkòkò alaró.

Obìnrin kan lẹ́yìn sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́, pé mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, iyán ewùrà á lẹ́mọ ṣáá ni. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Abọ́sẹ̀dé náà fẹ́ bá wọn rín in, eyín rẹ̀ nìkan ló jáde. Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ ni àwo idẹ tí ìjọba fi ránṣẹ́ wà, ó kà báyìí pé: Ìgbórókè, ipò kìíní nínú ìmọ̀ ayodíìnì, ọdún mẹ́ta léra. Òun ló gba àwo náà fún wọn. Òun ló kọ́ wọn ní gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀. Báwo ni ará orí omi tó dé lánàá yóò ṣe wá máa tàn lójú òun?

Ẹ̀yin èèyàn mi, owú kì í ṣe ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọdún mẹ́sàn-án ni Abọ́sẹ̀dé ti wà nílé ọkọ rẹ̀ Ìṣọ̀lá láìgbọ́ igbe ọmọ tuntun. Kò sí omi tí kò mu, kò sí dókítà tí kò tẹ́ apá fún. Nígbà tó di ọdún kẹsàn-án, oyún dé. Inú rẹ̀ dùn, ó ń jó nínú yàrá. Oṣù yẹn náà ni Dáísí, àbúrò Ìṣọ̀lá, mú ìyàwó wálé láti ìlú orí omi, níbi tí àwọn tí òkun gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ń gbé nínú ilé tó ń léfòó. Ọmọ ọdún méjìlélógún. Kò tíì tú ẹrù tán tí òun náà fi ń bì. Oyún tí Abọ́sẹ̀dé fi ọdún mẹ́sàn-án sunkún kí ó tó rí, èyí fi oṣù kan rí i. Ìyá ọkọ wọn dúró láàárín ilé, ó ń dúpẹ́ fún ìbùkún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, Abọ́sẹ̀dé sì ń dáhùn àmín, inú rẹ̀ sì ń ṣọ̀fọ̀. Ìbùkún tirẹ̀ nìkan ló fẹ́ kí wọ́n máa dá dúpẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí Orímisàn ṣe tí kò ta á lára. Bó bá kúnlẹ̀ kí i, ó kúnlẹ̀ jù. Bó bá pè é ní ìyálé mi, ó fà á gùn jù. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, Abọ́sẹ̀dé sì sanra dáadáa kí ọmọ yìí tó dé.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí Abọ́sẹ̀dé mọ̀ pé òun fi jù ú lọ, iyọ̀ ni. Láyé ìgbà yẹn, iyọ̀ àpáta ni gbogbo ènìyàn ń jẹ, kò sí ayodíìnì nínú rẹ̀, ilẹ̀ òkè náà kò sì ní in. Nítorí náà ni ìjọba ṣe ń fi Àwòdì já iyọ̀ ìyá, iyọ̀ tí wọ́n ti fi ayodíìnì sí, sílẹ̀ lóṣooṣù, àpótí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ aláboyún kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́wàá ni òjò sì fi ń rọ̀ ní Ìgbórókè nínú ọdún. Kùrukùru á wọlé, á jókòó bí àlejò, iyọ̀ á di omi nínú igbá. Obìnrin tí iyọ̀ rẹ̀ bá ń rin, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é.

Iyọ̀ Abọ́sẹ̀dé kò rin rí. Lọ́jọ́ tí àpótí bá ti balẹ̀, á gbé agbada tí ìyá rẹ̀ fi sìn ín wálé ọkọ kaná, á da iyọ̀ sí i, á máa fi síbí igi rò ó títí yóò fi máa ta pàrà pàrà. Òórùn kan á jáde nínú rẹ̀, bíi ti oògùn tí wọ́n ń fi sójú egbò. Abọ́sẹ̀dé á ní ìdọ̀tí inú rẹ̀ ló ń lọ yẹn. Tó bá tutù, á dà á sínú igbá ńlá lórí àjà lókè ààrò, níbi tí ooru á ti máa fẹ́ sí i. Bó bá bù ú, á dà ṣooro bí iyanrìn odò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ gbogbo aláboyún ìlú láti máa ṣe é, láti orí àga Olùkọ́ Iyọ̀. Ìyá Ìbéèrè kò béèrè yíyan iyọ̀ rí. Àwọn tó kó ìbéèrè sí i nínú kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni láyé ń yan iyọ̀.

Ti Orímisàn ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ síta. Inú kólòbó amọ̀ kan ló ń da tirẹ̀ sí, á dé e lọ́mọrí, á tún fi aṣọ di ọmọrí náà, á gbé e sí kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn. Iyọ̀ náà rin, ó di kóólọ́kóólọ́. Ìgbà tí ọbẹ̀ bá kúrò lórí iná tán ni í tó wọ́n ọn sí i. Ìyá ọkọ wọn, tí ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ, a máa tọ́ ọ wò, a ní ọbẹ̀ yìí àti iyọ̀ rẹ̀ kò tíì mọ ara wọn. Á yíjú sí Abọ́sẹ̀dé, á ní iyọ̀ ọwọ́ tìrẹ ló ń jẹ́ iyọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni oúnjẹ Abọ́sẹ̀dé lójoojúmọ́.

Kí ló wá dé tí ọ̀fun ọ̀bùn ń tàn bí aró? Ó rò ó títí, ó rí ìdáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Awakọ̀ Àwòdì, ará orí omi ni. Ó máa ń bá Orímisàn sọ ẹ̀ka èdè wọn, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé iyọ̀ tó lágbára jù ló ń fi sínú àpótí ọmọ ìyá rẹ̀. Bí Abọ́sẹ̀dé ti rò ó bẹ́ẹ̀, kò tún rò ó lọ́nà mìíràn mọ́.

Ọ̀sán gangan ló ṣe ohun tó ṣe. Orímisàn àti ìyá ọkọ ti lọ kó tòmátì nínú oko abẹ́ gíláàsì. Abọ́sẹ̀dé wọ yàrá ìdáná Orímisàn, ó tú aṣọ, ó ṣí ọmọrí, ó da iyọ̀ ibẹ̀ sínú igbá tirẹ̀. Ó da iyọ̀ tirẹ̀ tó ti yan sínú kólòbó, ó wọ́n omi sí i kó lè rin, ó sì dì í padà bó ṣe bá a. Nígbà tó yíjú, Ìyá Kékeré wà lẹ́nu ọ̀nà.

Àbúrò ìyá ọkọ wọn ni Ìyá Kékeré. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò sì ga ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Kò fọhùn rí, kò gbọ́ràn rí. Wọ́n bí i láàárín ọdún tí iyọ̀ tó ní ayodíìnì kò wọ ìlú mọ́, kó tó di pé ìjọba tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í já àpótí sílẹ̀. Ẹ̀wà ló máa ń ṣà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá kọjá lá rẹ́rìn-ín sí. Ó wo Abọ́sẹ̀dé. Ó wo igbá ọwọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Ó dé ilé ìdáná tirẹ̀, ó wo iyọ̀ tó jí. Ó rin. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á láti jẹ iyọ̀ tó rin. Ó gbé agbada kaná.

Oṣù kejì dé, ó tún pààrọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, aró ọrùn Orímisàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ó di ìyeyè bíi ti gbogbo ìlú. Lọ́jọ́ tí Abọ́sẹ̀dé kọ́kọ́ rí i, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fún Orímisàn ní ẹyin mẹ́ta. Ó mọ̀ pé ìdùnnú náà kò dára, ó sì jẹ ẹ́ tán láìṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ tó bá dúró níwájú dígí láti wo ọ̀fun tirẹ̀, ìyeyè ló ń bá níbẹ̀, ìyeyè tó tún ń pọ́n sí i. Iyọ̀ alágbára náà dà? Ọmọ inú rẹ̀ ta ẹsẹ̀, ẹ̀rù sì bà á fún ìgbà àkọ́kọ́.

Oyún Orímisàn wá wọ oṣù kẹfà. Ara tó ti mọ́ ẹja òkun láti kékeré kò lè fara da àìní ayodíìnì bíi ti ará òkè. Ó jí lọ́jọ́ kan, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ pupa fòò.

Kò sunkún lójú ìyá ọkọ. Ọ̀dọ̀ ìyálé rẹ̀ ló gbà lọ, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé ìdáná pẹ̀lú ikùn ńlá yẹn.

"Ìyálé mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé," ló wí. "Ẹ fi ibi tí mo ti ṣì í hàn mí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá gbé mi."

Abọ́sẹ̀dé kò lè wo ojú rẹ̀. Ó sáà béèrè ohun tí Olùkọ́ Iyọ̀ máa ń béèrè, pé kí ló ń ṣe sí iyọ̀ rẹ̀ bó bá ti dé.

"N kì í ṣe nǹkan kan sí i, mà. Mo kàn ń dé e ni. Lọ́dọ̀ wa lórí omi, èèwọ̀ ni. Iyọ̀ kì í rí iná lẹ́ẹ̀mejì. Iná tí wọ́n fi sè é nínú omi òkun ti tó o. Bó bá tún padà sínú iná, ìyá mi ní ohun tó wúlò nínú rẹ̀ á bá èéfín lọ, funfun rẹ̀ nìkan lá kù."

Agbada wà lórí ààrò lẹ́yìn Abọ́sẹ̀dé bó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó rántí òórùn náà, òórùn oògùn ojú egbò tó máa ń fọwọ́ fẹ́ jáde lójú fèrèsé, tó ń pè ní ìdọ̀tí. Kò sí iyọ̀ alágbára kankan. Kò sí ohun tí awakọ̀ ṣe. Aláboyún méjìlélógún ló ti kọ́ láti máa fi ọwọ́ ara wọn sun ayodíìnì ọmọ wọn níná, ọmọ tirẹ̀ tó fi ọdún mẹ́sàn-án wá sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Ọmọ kan tí kò lè gba mẹ́ta nínú méje ló ti mọ̀ ọ́n láti inú ilé ìyá rẹ̀ wá.

Ẹ ò gbà pé yóò jẹ́wọ́ níbẹ̀? Kò jẹ́wọ́. Ó ní kí Orímisàn dìde, kó máa lọ sinmi, pé gbogbo rẹ̀ á dára. Owú tó wà níkùn rẹ̀ kò tíì kúrò, ó kàn yí àwọ̀ padà ni. Tẹ́lẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ náà ló ń jowú. Ní báyìí, ọgbọ́n rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́wọ́, ta ni yóò tún dúró níwájú gbọ̀ngán? Ta ni wọn yóò máa pàtẹ́wọ́ fún? Ọjọ́ kejì, kò dáná rárá. Ó ní ara òun kò yá.

Lọ́jọ́ kẹta, Àwòdì balẹ̀ síwájú ilé, atẹ́gùn rẹ̀ sì da ẹ̀wà Ìyá Kékeré nù. Nọ́ọ̀sì Fádúnsìn ló sọ̀kalẹ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó kí ìyá ọkọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó yẹ ọrùn Orímisàn wò, ó sì ní kí wọ́n gbé iyọ̀ rẹ̀ wá. Ó bu díẹ̀ sínú àwo funfun, ó yọ ìgò kékeré kan lápò, ó kán ohun inú rẹ̀ sí i. Ó ní bí ayodíìnì bá wà níbẹ̀, á di aró lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ wò ó. Iyọ̀ funfun balau, kò yí padà.

Nọ́ọ̀sì béèrè lọ́wọ́ Orímisàn pé ta ló ta iyọ̀ ìyá rẹ̀ fún. Orímisàn ní òun kò tà á. Nọ́ọ̀sì ní iyọ̀ tí ìjọba kó wá kọ́ ló wà nínú kólòbó yìí, pé òun ti rí irú rẹ̀ níbòmíràn, àwọn tó ń tà á á fi iyọ̀ àpáta dípò. Kò bínú bó ti ń sọ ọ́. Ó ka òfin náà fún wọn jẹ́ẹ́: aláboyún tó bá ta iyọ̀ ọmọ rẹ̀, tàbí ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan iyọ̀ aláboyún mìíràn, bó bá lóyún, Ilé Ìpamọ́ létí òkun ni yóò bímọ sí, ọmọ náà kò sì ní padà wálé títí yóò fi pé ọdún méjì.

Orímisàn jókòó sílẹ̀ pẹ̀tẹ̀. Dáísí ọkọ rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, ìyá ọkọ ń bẹ̀bẹ̀. Abọ́sẹ̀dé dúró ti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ apá kejì òfin náà dáadáa. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wá ọmọ, ọdún méjì ni wọn yóò sì fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá panu mọ́, Àwòdì yóò gbéra, kólòbó yóò lọ, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé. Yóò tún ku òun nìkan nínú ilé, bó ti fẹ́ kó rí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ò mọ̀ bí ìyẹn ti dùn mọ́ ọn tó, fún bí ẹni mí ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló rí Ìyá Kékeré tó kúnlẹ̀ nínú eruku, tó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà gbójú sókè, ó wo kólòbó lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó wo Abọ́sẹ̀dé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín.

"Kò tà á," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Èmi ni mo jí i."

Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ kí ẹ̀rù má bàa gba ẹnu rẹ̀. Ó sọ bó ṣe pààrọ̀ rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ ohun tó rò nípa awakọ̀. Ó wọlé lọ gbé igbá tirẹ̀, ó bu iyọ̀ tó gbẹ dáadáa sínú àwo fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì kán omi sí i, funfun ló wà. Ó ní kí wọ́n ṣí àpótí tuntun kan nínú Àwòdì. Wọ́n ṣí i, wọ́n kán omi sí i, ó di aró kí wọ́n tó ṣẹ́jú. Ó bu lára èyí sínú agbada, ó gbé e kaná, ó ń rò ó lójú gbogbo wọn, òórùn náà sì jáde. Nígbà tó tutù, òun fúnra rẹ̀ ló gba ìgò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó kán an. Kò di aró. Ojú ibi tó ti ṣú jù kàn rí bí ọjọ́ tí kò fẹ́ mọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ gbogbo ìlú," ló wí.

Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ lérí. Ó ń wo igbá iyọ̀ tó ti ń yìn láti ọdún mẹ́sàn-án. Ìṣọ̀lá ọkọ rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ọ̀sì Fádúnsìn ní òun ló kọ ìwé àwo idẹ tó wà ní gbọ̀ngán yẹn fún ọdún mẹ́ta, òun kò sì bi ara òun léèrè rí pé kí ló dé tí ọrùn àwọn tó mọ̀wé jù ń pọ́n bí ìyeyè. Ó wá ní òfin ṣì ni òfin. Orímisàn yóò dúró sílé, àpótí tuntun nìyí. Abọ́sẹ̀dé ni yóò wọ Àwòdì. Ní ti ọdún méjì ọmọ, ẹni tí a ṣẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí Orímisàn bá tẹ àtàńpàkò sí ìwé ìdáríjì kí Abọ́sẹ̀dé tó bímọ, ìyá àti ọmọ yóò jọ padà wálé. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó lè fi ipá mú un.

Orímisàn kò wo ẹnikẹ́ni. Ó gbé kólòbó rẹ̀ tó ti ṣófo mọ́ra, ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn.

Ilé Ìpamọ́ kò burú bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Yàrá funfun ni, ojú fèrèsé sì kọjú sí òkun. Wọ́n ń fún un ní ẹja, wọ́n ń fún un ní iyọ̀ nínú ìgò tó ní ìdérí. Níbẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ pé wọ́n ti sọ àwo idẹ kalẹ̀ ní gbọ̀ngán Ìgbórókè, pé àwọn aláboyún ti kó agbada wọn jọ, pé Orímisàn ni wọ́n gbé jókòó sórí àga Olùkọ́ Iyọ̀. Wọ́n ní kò mọ ìbéèrè kan dáhùn síbẹ̀, ó kàn máa ń ṣí kólòbó fún wọn wò ni. Ó dun Abọ́sẹ̀dé gan-an. Ó dojú kọ ògiri ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà, kò jẹun. Ẹ má bi mí bóyá ó ti yí padà. Ó ti jẹ́wọ́ ni, ìyẹn yàtọ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún tó débẹ̀, ó jí, ó lọ síwájú dígí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Aró. Kò gbà á gbọ́, ó fi omi bọ́jú, ó tún wò ó. Aró ni, ó ń tàn yàà lọ́fun rẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ ta á nípàá, ó bú sẹ́kún, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Ó rántí pé òun kò mọ bí ìlẹ̀kẹ̀ Orímisàn ṣe rí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni gíláàsì ìbánisọ̀rọ̀ ara ògiri tàn, ẹni tó yọjú nínú rẹ̀ kì í ṣe Ìṣọ̀lá tó ń retí. Orímisàn ni. Ó ti rù díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i láti ọ̀nà jíjìn yẹn, ó fà á gùn bí ìṣe rẹ̀, ìyálé mi. Ó ní òun pẹ́ kí òun tó pè torí inú bí òun gidigidi, òun kò sì fẹ́ fi inú bíbí sọ̀rọ̀.

"Mo ti tẹ àtàńpàkò, mà," ló wí. "Ẹ̀yin àti ọmọ lẹ jọ ń bọ̀. Ìyá Kékeré ló fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí ìwé náà."

Owú tuntun kan ta Abọ́sẹ̀dé láyà, èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀. Inú rere Orímisàn ló jowú. Ó mọ̀ pé bó bá jẹ́ òun ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí, òun kò ní tẹ̀ ẹ́. Ó bi í ní ìbéèrè kan.

"Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ ńkọ́, Ìyàwó?"

Orímisàn sún mọ́ gíláàsì, ó gbé àgbọ̀n sókè kí ìyálé rẹ̀ lè rí i. Pupa ti lọ. Ìyeyè ló kù, ìyeyè tó ṣì pọ́n dáadáa. Ó ní nọ́ọ̀sì sọ pé yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó padà, pé wọn kò tíì lè sọ ohun tí oṣù méjì yẹn gbà lára ọmọ, àwọn ń retí ni. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìfi bú ẹnikẹ́ni. Ó wá béèrè pé ti ìyálé òun ńkọ́.

Abọ́sẹ̀dé ti na ọwọ́ sí orí ibùsùn kó tó béèrè tán. Ó fa ìborùn rẹ̀, ó sì wé e mọ́ ọrùn kó bo ọ̀fun rẹ̀ dáadáa.

"Kò tíì yí padà," ló wí. "Ìyeyè náà ni."